Ẹnu Ni Mo Fi Fẹ́ Ẹ̀rọ Oògùn Koríko

Ẹ̀yin ará, ẹnu tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ara mi náà ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárọ̀ yìí.

Gbogbo yín lẹ mọ ìyàwó mi, Ìyá Ṣadé. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń ro oko wa ní Kuje, òun lórí poro tiẹ̀, èmi lórí tèmi. Á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ń kọjá mi. Láti ìgbà tó ti sùn nínú Olúwa, apá mi ò ká oko náà mọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Tí mo bá gbójú sókè, ibi tó yẹ kó wà ni mo máa ń wò. Ni mo bá ra oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko, mo gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń fín in lọ ni mò ń bá Ọlọ́run sọ ọ́ lójoojúmọ́: Bàbá, mú mi lọ bá a.

Oṣù tó kọjá, ihò ẹnu ẹ̀rọ yìí dí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko, ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe: a ó tú u, a ó fi sẹ́nu, a ó fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ, kò là. Mo fà á. Ó là o, sínú ọ̀fun mi.

Kí n tó dé ìdí igi káṣú, ojú mi ti ń ṣú, èébì ti ń gbé mi. Àfáà Súlè, ọmọ Ìlọrin tí oko wa jọ pààlà, sáré wá.

"Kai, Bàbá Ṣadé, kí lẹ mu?"

Mo nawọ́ sí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin náà? Ọmọ ọwọ́ ni yín ni, tẹ́ ẹ ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu?"

Omi àlùwàlá rẹ̀ ló fi fọ ẹnu mi. Mo ní kó fún mi ní epo pupa mu. Ó ní dókítà ni yóò sọ ohun tí mo máa mu. Ó mú ike oògùn náà dání, ó gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ọsibítù.

Ibẹ̀ ni àdúrà mi ti fẹ́ gbà. Ẹ wá wo ọkùnrin. Mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, mò ń sọ pé, Olúwa, jọ̀ọ́, má ka tàtẹ̀yìnwá sí, mi ò lọ mọ́.

"Bàbá, ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, kí n lè gún yín lábẹ́rẹ́."

Mi ò fi sílẹ̀. Ọwọ́ kejì ló fi gún mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé mi ò ní pa ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ mọ́. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọlọ́run gbọ́ tèmi. Ọ̀fun san, ojú là. Dókítà ní tí ihò ẹ̀rọ bá tún dí, omi àti ẹ̀há ìgbálẹ̀ ni kí n fi là á, kí n sì máa bo imú àti ọwọ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa, ẹ gbọ́ o.

Ọkàn mi ṣì ń fà sí ìyàwó mi, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ Ọlọ́run kó bá mi kí i, kó sọ fún un pé mò ń bọ̀, àmọ́ kó má tíì gbé oúnjẹ mi kalẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ bá mi yọ̀, kí ògo jẹ́ ti Ọlọ́run.