Ìbọn Tó Ń Kọjá Odò Iná

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má tíì ṣe àmín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo na ẹní sílẹ̀ nínú ilé àdúrà yìí, mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ìyá Dàmọ́lá la gbàdúrà fún. Ẹ mọ̀ pé àwọn sójà ti mú ọmọ rẹ̀, Dàmọ́lá tó ń fi ọ̀kadà kó ọ̀pẹ òyìnbó wọlé láti òdìkejì bọ́dà. Wọ́n ní òun ló ń gbé ìbọn láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú tibí àti àwọn agbébọn tọ̀hún. Gbogbo yín yí ìyá rẹ̀ ká, ẹ ń sunkún. Ẹ̀yìn mi ló dé sínú ìjọ yìí, òun lẹ fi jẹ Ìyá Àdúrà. Àní àánú tí ẹ ń ṣe fún un, mo jowú rẹ̀. Bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, dúró tì mí. Ó ní, "Olùríran, dìde."

Ó ṣáájú mi, a dé etí odò kan. Ẹ̀yin ará mi, iná ni! Iná ń hó, iná ń ru, àwọn agbébọn wà nínú rẹ̀ dé ọrùn, wọ́n ń ké, àwọn olóṣèlú tiwa wà létí ìhín, ti òdìkejì bọ́dà wà létí ọ̀hún, ìbọn tó pọ́n bí ẹyin iná ń ti ọwọ́ ìhín bọ́ sí ọwọ́ ọ̀hún, ó ń padà wá, kò sẹ́ni tó lè jù ú sílẹ̀!

Èyí tó wà níhìn-ín ń pariwo pé, "N kò mọ̀ ọ́n rí!"

Èyí tó wà lọ́hùn-ún dáhùn pé, "Èmi náà kò mọ̀ ọ́n!" Bẹ́ẹ̀, ìbọn kan náà ti lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Amọ̀nà mi ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lórí rédíò náà nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá Dàmọ́lá. Kí n má purọ́, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń wá a.

Amọ̀nà mi bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ó wà níbí?"

Ó mú mi lọ síbi tútù kan. Àwọn tí ìbọn yẹn pa jókòó síbẹ̀, ara tù wọ́n. Mo rí àga ńlá kan tó ṣófo, orúkọ Ìyá Dàmọ́lá wà lára rẹ̀. Mo ní, "Òun náà tún ni? Tèmi dà?"

Ó ní, "Tìrẹ wà. Tẹ̀lé mi."

Etí odò la padà sí. Ó ṣí ìwé kan. Ẹ̀yin ará, ìwé ìran ìjọ wa ni, tí akọ̀wé máa ń kọ ohun tí a bá rí sí! Mo rí ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo rí Dàmọ́lá tó ń gbé ìbọn kọjá bọ́dà. N kò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, nítorí ìyá rẹ̀ ni. Ẹnì kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn sójà, wọ́n wá ka ìwé, wọ́n mú un.

Amọ̀nà mi ní, "Wọn kò ní ẹ̀rí mìíràn." Ó ya ewé náà, iná gbà á, ó ní, "Jẹ ẹ́."

Ahọ́n mi ń jó, mo figbe ta, mo jí. Ìyá Dàmọ́lá ló gbé orí mi lé itan, ó ń fún mi lómi.

Ó ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ tún rí ọmọ mi ni? Látọjọ́ tí ẹ ti ríran yẹn ni mo ti ń bi ara mi bóyá n kò mọ ọmọ tí mo bí."

Òní ni mò ń dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tó ń fi ìran bá ènìyàn jà, ẹ ṣọ́ra, iná yẹn gbóná. Akọ̀wé, ṣí ìwé náà, kọ ọ́ sábẹ́ ìran Dàmọ́lá yẹn pé irọ́ ni, kí o sì gbé e fún mi. Ìyá Dàmọ́lá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí bárékè àwọn sójà. Ìlara yín kò tíì tán nínú mi, mo bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ yín gbọ́dọ̀ wálé lónìí, bí wọ́n tiẹ̀ máa ti èmi mọ́lé dípò rẹ̀.