Owó Oṣù Bọ̀dá Láyí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń pariwo. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ sí ẹnu géètì mi ní Bodija, lójú àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n gba ọmọ òun sílẹ̀. Ìgò oyin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, oyin Ṣakí, irú èyí tó máa ń fún mi lá nígbà tí mo wà ní kékeré tí ikọ́ bá ń dà mí láàmú. Mo sáré gbé e dìde, omi sì bọ́ lójú mi. Àwọn tó ń wò wá rò pé àánú ló ń ṣe mí. Àánú kẹ̀! Inú ló ń bí mi. Ọmọ ìyá yìí ni mo ṣe ní ohun tí mo ṣe, n kò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Awakọ̀ bàálù ni mí. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́, tó ń fi bàálù kéékèèké gbé àwọn olówó láti pápákọ̀ òfurufú Alákìá n'Ìbàdàn lọ sí Àbújá àti ibòmíràn. Agbowó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú ọgbà kan tó kún fún àwọn ará Òkè-Ògùn. Yàrá kejì sí tiwa ni Ìyá Láyí ń gbé, ará Ṣakí bí i tiwa, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà ni gbogbo wa sì ń lọ. Láyí ọmọ rẹ̀ fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Bọ̀dá Láyí ni mo sì ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù ní Òkè Ọya. Nígbà tí mo ní èmi náà fẹ́ lọ, òun ló bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi gbà. Lọ́sẹ̀ kan náà ni ilé-iṣẹ́ yìí gba àwa méjèèjì, ipò kan náà, ìwé ẹ̀rí kan náà, wákàtí tí a ti fò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ rántí èyí o, torí òun ni ìdí ọ̀rọ̀.

Bàbá mi máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í bi èèyàn léèrè iye tó ń gbà lóṣù. Ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ wa náà fi òfin sí i pé awakọ̀ tó bá sọ owó oṣù rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo nǹkan ẹ̀rín! Àwa tí a kì í fi nǹkan kan pamọ́ fún ara wa lókè. Bí ẹnì kan bá pe nọ́ńbà kan nínú bàálù, ìbáà ṣe ti bí a ṣe ga tó ni, ìbáà ṣe ti epo, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ tún un pè sókè kó lè dájú pé òun gbọ́ ọ. Bí a bá gbàgbé láti tún un pè, èèyàn lè kú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, oníkálukú á bo tirẹ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ. Ta ni ìbòmọ́lẹ̀ yìí ń ṣe láǹfààní? Mo kàn ń bi yín ni.

Èmi ò lè pa á mọ́ra fún Láyí ní tèmi. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹun ní Dùgbẹ̀, mo sọ iye tí wọ́n ń fún mi, mo ní kí òun náà sọ tirẹ̀, kí a lè jọ béèrè fún àfikún. Láyí fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, “Àbúrò mi, iye kan náà ni wọ́n ń fún èmi náà. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ pé o fẹ́ àfikún o, wọn á lé àwa méjèèjì.” Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, ṣé ó yẹ kí n ní kó búra ni? Láti ọjọ́ náà ni mo ti panu mọ́. Ọkọ mi ti rìnrìn-àjò lọ sí ìlú òyìnbó nígbà náà, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ bùkátà ọmọ méjì, Láyí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti dùn mí jù rèé. Àìsàn kíndìnrín kọlu ìyá mi. Owó mi kò ká a, ni mo bá ní kí n ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà. Láyí ní kí n má tà á fún àjèjì, òun á rà á, kó lè wà nínú ẹbí. Owó tó san kò tó iye tí ilẹ̀ náà ń lọ, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ ń ṣe kàyéfì pé báwo ni ẹni tí a jọ ń gba iye kan náà ṣe rówó kó jọ. Ó ní òwò ìyàwó òun ló gbé e. Ìyá mi kò yè é. Láyí ló dúró gbọingbọin níbi ìsìnkú, tí gbogbo ìjọ ń yìn ín pé irú ọmọ yìí ṣọ̀wọ́n. Èmi náà yìn ín.

Àfi ọjọ́ tí Ṣẹ́gun, awakọ̀ tuntun kan tí èmi fúnra mi kọ́ ní bàálù wa, fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi dé Challenge. Ó ń ráhùn lójú ọ̀nà pé owó oṣù òun kéré. Àwọn ọmọ ìsìnyí kò ka òfin yẹn kún, ó sọ iye tó ń gbà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ń gbà jù mí lọ! Ó rí ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní èyí tí wọ́n ń fún yín ti tó? Bọ̀dá Láyí ló sọ fún wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá fẹ́ fi kún owó yín nígbà kan, àwọn làwọn ní kí ọ̀gá má ṣèyọnu, pé ọkọ yín ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun.” Mo sọ̀kalẹ̀ ní Challenge, mo fẹsẹ̀ rìn títí dé Ring Road kí n tó rántí pé kò yẹ kí n máa fẹsẹ̀ rìn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Owó tó yẹ kí n fi tọ́jú ìyá mi ni ó dí mi lọ́nà rẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ ra ilẹ̀ bàbá mi.

N kò lọ bá a jà. Kí ni ìjà fẹ́ ṣe fún mi? Á sunkún, á pe ìyá rẹ̀, ìjọ á bá wa dá sí i, wọn á ní kí n gbàgbé. Èmi ò fẹ́ gbàgbé. Mo ń kí i, mo ń bá a rẹ́rìn-ín, mo ń dúró de ọjọ́ tí a óò jọ jókòó sí iwájú bàálù.

Ọjọ́ náà dé. A wà ní Alákìá, a ń dúró de àwọn èrò. Láyí ló jókòó sí ipò ọ̀gá awakọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín: ohun tí a fi ń gbọ́ ara wa máa ń wà létí wa, ọ̀rọ̀ wa kì í sì í jáde síta àfi bí a bá tẹ bọ́tìnì kan tó wà lára ọwọ́ ìtukọ̀ oníkálukú wa. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, iná kékeré kan á tàn lójú rédíò, ọ́fíìsì wa á sì máa gbọ́ wa. Nínú ọ́fíìsì yẹn, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí gbogbo awakọ̀ ti ń mu tíì. Mo fi ìka mi sórí bọ́tìnì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n kò sì gbé e.

Mo ní, “Bọ̀dá Láyí, ẹ gbọ́ nǹkan? Ṣẹ́gun sọ iye tó ń gbà fún mi. Àwọn ọmọdé ti fi wá sílẹ̀ o. Èmi àti ẹ̀yin la ṣì wà nísàlẹ̀.” Mo mọ̀ pé ìgbéraga rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dákẹ́. Iwájú ló kọjú sí, ó ń wo àwọn èrò tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni wọ́n fi sílẹ̀? Èmi? Ìwọ lo wà nísàlẹ̀.” Ó wá pe iye tó ń gbà. Ìlọ́po mẹ́ta tèmi! Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wa ṣe kọ́ wa, mo tún un pè sókè, ketekete, kó má baà sí ẹni tó máa ní òun kò gbọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ló gba ọ̀gá nímọ̀ràn pé awakọ̀ tí kò bá mọ owó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń rà á. Ó ní kí n má bínú, pé ayé ni. Mo ní n kò bínú rárá.

Nígbà tí a fi máa dé láti Àbújá, ọ́fíìsì ti dàrú. Àwọn awakọ̀ ti sọ owó oṣù wọn fún ara wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn kò fò mọ́ títí tí ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà á fi máa gba owó kan náà. Ọ̀gá kò rí ọgbọ́n dá, ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní Láyí ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀, torí ohùn rẹ̀ ló pọ̀ jù lórí rédíò. Wọ́n bi mí, mo ní n kò mọ̀, bóyá bọ́tìnì ló há. Wọ́n lé Láyí. Ọ̀gá tún ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù pé oníwàhálà ni, kò sì sí ẹni tó gbà á. Ní báyìí, mọ́tò ara rẹ̀ ló fi ń gbé èrò ní Ìwó Road. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn awakọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó ń pe èrò lójú oòrùn, mo ní kí ẹni tó ń fi mọ́tò gbé mi rọra máa lọ, kí n lè wò ó dáadáa. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ó dùn mọ́ mi. Bọ̀dá tí mo ń fi síwájú orúkọ rẹ̀, mo yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀san mi. Ọ̀gá ti sọ fún ìyá náà pé bí ẹnì kan bá lè jẹ́rìí lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí pé kì í ṣe Láyí ló mọ̀ọ́mọ̀ tẹ bọ́tìnì, òun á fa ọ̀rọ̀ òun sẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, èmi ni wọn óò lé, èmi ni ọ̀gá óò sì bà lórúkọ jẹ́ káàkiri, àwọn ọmọ mi á sì padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹnu géètì mi yẹn, mo mú ìyá wọlé, mo fún wọn lómi, mo ní, “Màámi, ẹ má bínú, n kò rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.”

Ìyá Láyí wò mí títí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, Láyí rí iná náà. Ó ní bí òun ṣe yíjú padà ni òun rí i, tí ìka rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tí òun ṣe fún ọ ló pọ̀ jù.” Wọ́n gbé ìgò oyin náà sórí tábìlì mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ó mọ̀! Láti ọjọ́ yìí, ó mọ̀, ó sì ń wo èmi náà bí mo ṣe ń wò ó ní Ìwó Road. Ta ló ní kó dákẹ́ fún mi? Ìdákẹ́jẹ́ ló fi jẹ mí níyà nígbà tí ìyá mi wà láàyè, ìdákẹ́jẹ́ náà ló tún fẹ́ fi sọ mí di ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè oore. Mo fẹ́ kó jìyà, n kò fẹ́ kó dárí jì mí. Oyin náà ṣì wà lórí tábìlì, n kò lè lá a, n kò sì lè dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà fún ara yín, ẹ sọ ọ́ lójú ara yín, ní òwúrọ̀ ọ̀rọ̀, kó tó di ohun tí ẹ ó máa fi ọgbọ́n ẹ̀tàn fà jáde lẹ́nu ara yín bí i tèmi. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ohunkóhun tí ẹ bá rò ni kí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́.