Síkúrúdíráfà Bàṣírù

Dókítà ti sọ èyí tó mọ̀. Ó ku èyí tí èmi Ògúndìran nìkan mọ̀, mi ò sì ní gbé e wọ sàréè. Ràbíátù, ìwọ ni mo ń kọ ìwé yìí sí. Bàṣírù ọkọ rẹ kò purọ́. Èmi ni mo purọ́.

Lọ́dún 1992, èmi àti òun jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Okokomaiko. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Felicia, ìyá Táyọ̀, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá láti Ìbà, irú àwọn alágbèéká àtijọ́ tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Pọ́rójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ń tẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ ọmọ. Bọ́tìnì A àti E kò dáhùn mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ wo ohun tí mo tẹ̀, ó dà bí ẹnu arúgbó tó káyín." Mo tú kíbọ́ọ̀dù náà, mo fi omi àti sípírítì fọ ìdọ̀tí abẹ́ bọ́tìnì, mo sá a sórí páànù. Bàṣírù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì nínú oòrùn o. Omi máa ń sá pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnì." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo wá ń kọ́ mi níṣẹ́ báyìí?" Nígbà tó lọ kírun Jímọ̀, mo tò ó padà, mo tan iná sí i. Èéfín jáde. Gbogbo kọ̀ǹpútà náà ló jó, àti iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀.

Ojú tì mí pé ẹni tí mo kọ́ ló rí i kí n tó rí i. Mo mú síkúrúdíráfà Bàṣírù, èyí tó fi okùn pupa wé lọ́rùn, mo jù ú sínú kọ̀ǹpútà náà, mo dé e pa. Lójú ìyá Táyọ̀ ni mo ti tú u. Mo ní, "Bàṣírù ti tú u lẹ́yìn mi, ó gbàgbé irin sínú rẹ̀." Obìnrin náà jókòó sílẹ̀. Alága ẹgbẹ́ àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe béèrè pé, "Ta ló ni irin yìí?" Bàṣírù ní, "Tèmi ni, ṣùgbọ́n n ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn." Ó gbé Kùránì, ó búra, omijé ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n gbé Bíbélì fún mi. Mo búra èké lé e lórí.

Wọ́n lé e. Láti Ìbà dé Ọ̀jọ́, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Ó di ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà títí tó fi kú. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́." Mo máa ń dá a lóhùn.

Ràbíátù, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Pe ẹgbẹ́ jọ, kí wọ́n ka ìwé yìí sókè níbi tí wọ́n ti lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Síkúrúdíráfà náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Okùn pupa ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wá mú un.