Àpò Gàrí Èmi àti Ìyálé Mi

Nígbà tí eegun mi ṣì le, ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí, agolo la fi ń ra gàrí ní Ṣakí níbí. Èmi àti ìyálé mi ni mò ń wí. Ẹ má rẹ́rìn-ín!

Télọ̀ ni ọkọ wa. Lọ́dún yẹn, gbogbo nǹkan gbówó lórí, ta ló fẹ́ dáṣọ? Owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún wa ò kúrò lójú kan. Ìyálé mi á lọ ra agolo tiwọn, èmi náà á lọ ra tèmi. A kì í sì í bára wa sọ̀rọ̀... ó ti pé ọdún mẹ́ta. Nítorí kí ni? Odó! Wọ́n ní èmi ni mo la odó àwọn.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Rúkáyà ọmọ mi lá abọ́ tán, ó ní, "Màámi, mi ò yó." Ẹ gbọ́ o, kí n tó dá a lóhùn, mo gbọ́ ohùn ọmọ ìyálé mi ní yàrá kejì: "Ìyá mi, ṣé kò kù mọ́?" Ó gún mi láyà. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Ìyálé mi, ẹ jẹ́ ká da owó wa pọ̀, ká lọ ra odindi àpò ní Ìwéré-Ilé. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń yan án, á dínwó."

Wọ́n wò mí, wò mí. "Ta ló máa wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló máa kọ́kọ́ mú tirẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní, "Tètè jí o. Ọkọ̀ ìdájí kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Nígbà tá a dé ọjà, obìnrin tó ń ta gàrí fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ìyálé mi bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ní, "Èyí ò gbẹ dénú. Ìyàwó, jẹ́ á máa lọ." Ìyàwó! Ọdún mẹ́ta, wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tóbìnrin náà fi ń ké pè wá padà, ó ní ká wá san iye tá a fẹ́.

A délé, wọ́n fi kóńgò wọ̀n ọ́n: tiwọn, tèmi, tiwọn, tèmi. Èyí tó ṣẹ́ kù ò kún kóńgò mọ́. Mo ń wojú wọn. Wọ́n kàn dà á sínú abọ́ mi. "Ọmọ tìrẹ ló kéré jù."

Omijé bọ́ lójú mi.

Láti ìgbà náà, bá a ṣe ń ra iyọ̀ nìyẹn, bá a ṣe ń ra ata gbígbẹ lásìkò tó bá pọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti lọ báyìí... kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Agboolé kan náà, ẹ ń ra epo inú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wá ń ké pé ọjà wọ́n. Ọjà wọ́n lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ Sìdíkà, ìwọ Bọ̀sẹ̀, ìgbà wo lẹ jọ jókòó gbẹ̀yìn? Mi ò fẹ́ gbọ́ "ó dọ̀la". Ẹ da owó yín pọ̀ níṣojú mi níbí.