Ibi Tí Táyà Kékeré Bàálù Yóò Wà

Mo ń dúró kí wẹ́dà bá mi jó ilẹ̀kùn onírin mi ní àdúgbò Under G, nígbà tí tíṣà kan tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù kékeré wọlé wá bá a.

Tíṣà sọ fún wẹ́dà náà pé, "Alhaji, abẹ́ ìrù ni kí ẹ fi táyà kékeré sí. Pápá tí mo ti fẹ́ máa fò ní kòtò. Tó bá wà níwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀ lè kán níbẹ̀."

"Tí imú ẹ̀ bá wá gbé sókè, ṣé ẹ máa ríwájú?"

"Mi ò ní rí i dáadáa, àfi tí ìrù bá gbéra nílẹ̀."

"Tó bá ń balẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdí ẹ̀ lè fẹ́ yí ṣáájú orí. Ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ sinmi lórí pẹ́dà tó ń darí ẹ̀."

"Ẹ ti gbé irú ẹ̀ balẹ̀ rí?"

"Rárá o. Onítáyà iwájú ni mo fi kọ́ṣẹ́."

Wẹ́dà bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀. "Tíṣà, kòtò ló yẹ ká dí, kì í ṣe ojú ẹni tó ń wà á."

Tíṣà wá ní, "Ẹ bá mi wá irin tó nípọn fún ẹsẹ̀ táyà iwájú."