Ta Ló Ń Fún Ọkọ Mi Lóúnjẹ?

Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan ni bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìpáò kọ iyán àárọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gún, ni ìyá náà bá tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọsibítù kan ní Ìdó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, èmi àti wọn la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ọmọbìnrin tó ń pè ọ́ lórí fóònù dà? Uyán mi ò dùn mọ́, àbí? Tirẹ̀ lò ń jẹ!”

“Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní mi ò gbọdọ̀ jẹun kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń wá nǹkan tíntìntín kan nínú rẹ̀, maikiro-RNA, tó lè fi hàn bóyá iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn ti ń dí.”

“Ọkàn ta ni?”

Bàbá wo ilẹ̀. “Àyà máa ń dùn mí tí mo bá ń kọ ebè.”

Ìyá yíjú sí i. “O sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn, o ò sọ fún mi. Ìbá sàn kó jẹ́ uyán rẹ̀ lò ń jẹ.”

Nọ́ọ̀sì náà jáde. Ó ní ìwádìí ṣì ni ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọn ò tíì lè gbára lé e. Dókítà fúnra rẹ̀ ló máa yẹ ọkàn bàbá wò lọ́jọ́ náà. Ó ní kí ìyá náà wọlé, nítorí ẹni tó ń sùn tì í ni dókítà fẹ́ kọ́kọ́ bi léèrè bí bàbá ṣe ń mí lóru.