Ìmọ́lẹ̀ Tó Bo Ojú Baba Àáfà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì ti di ohun tí wọ́n fi ń ṣe wáàsí. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ tíì kúnlẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, ní Fate, nílùú Ìlọrin. Àlàájà kan ládùúgbò Ọjà Tuntun ló ní kí n wá ya bàbá òun. Àáfà àgbà ni Baba, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun rí. Àlàájà bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ní òun á jókòó, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ní mítà kékeré kan tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ní irú rẹ̀, mo sì máa ń fi í ṣe fáàrí. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀: ẹ lè ní kó wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn nìkan, ẹ sì lè ní kó wọn ti oòrùn pọ̀ mọ́ ti fúláàṣì. Mo gbé e sábẹ́ àgbọ̀n Baba.

"Ṣé irùngbọ̀n mi lo fẹ́ rà ni, tóo fi ń wọ̀n ọ́n?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò sì wo bọ́tìnnì. Oòrùn nìkan ni mítà wọ̀n, mo wá tan fúláàṣì ńlá tó dojú kọ Baba lé e, ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ jù.

Mo wo ojú kámẹ́rà. Aṣọ búlúù Baba hàn, tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere. Láti ọrùn lọ sókè, funfun báláú, ojú rẹ̀ kò hàn rárá.

Baba kò tíì dìde. Ká ní mo bẹ̀ ẹ́ pé mo ṣàṣìṣe, bóyá ì bá tún jókòó. Ojú tì mí lẹ́yìn gbogbo fáàrí yẹn. Mo ní ó ti dáa, Baba sì lọ ṣe àlùwàlá.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà fún Àlàájà, mo ní ó ya èmi náà lẹ́nu, pé ojú Baba nìkan ni ìmọ́lẹ̀ bò. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn bàbá òun nìyẹn. Mo ní, "Wàlláhì, n kò rí irú rẹ̀ rí." Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra nítorí bọ́tìnnì.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Baba jáde láyé. Níbi àdúà fídáù, wọ́n gbé fọ́tò náà sókè, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Mo dìde, mo jẹ́rìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àlàájà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó, ó ní:

"Ọmọ mi, ṣé kò sí òmíràn tóo yà, bó tilẹ̀ bàjẹ́? Mo dúpẹ́ fún ìmọ́lẹ̀ yẹn. Àmọ́ mo ti ń gbàgbé bí ojú Baba ṣe rí."

Mo ní kò sí. Òótọ́ sì ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á tún pè mí jẹ́rìí níbi àdúà ọdún Baba tó ń bọ̀. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ Àlàájà, èmi náà ni màá tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?